Ìgbafẹ́ tí ó Gbé Wa Dé Ọ̀yọ́

Ìkòyí-Ilé,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kọkànlá, 1988.

Àlàmú, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlú Èkó, mo sì kí ọ kú àìfojúrinjú láti ọjọ́ yìí. Ara wa le, bí ara àgbà ṣe ń le. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tó ń ṣọ́ oko kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ, o kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí n má kí ọ, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ewúrẹ́ funfun yẹn ti bí, ìbejì ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan kú. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, mo ti gbé garawa sí abẹ́ rẹ̀, a sì ń da omi rẹ̀ nù ní àràárọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ tí o ní kí a lọ ṣe ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, tí o ní o ti sanwó fún Tíṣà Stephen, ọmọ ìjọ wa tó máa ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn tọkọtaya àgbà lọ wo ìlú káàkiri, pé kí èmi àti bàbá rẹ bá a lọ, kí a máa rìn jẹ́jẹ́, kí a máa wo nǹkan, kí ara tù wá, mo ka lẹ́tà náà títí, kò yé mi. Mo ní kí ni a fẹ́ wò? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tí ì rí àgbàlagbà tó wọṣọ, tó wọkọ̀, tó lọ sí ìlú onílùú láìjẹ́ pé òkú kú níbẹ̀ tàbí wọ́n fẹ́ sọmọ lórúkọ. Ìgbà tí Tíṣà wá sọ pé Ọ̀yọ́ ni ọkọ̀ ń lọ ni ojú mi là. Mo rántí pé o ti kọ ọ́ sí mi nígbà kan pé o mọ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fọláhànmí, pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ awọ nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Mo pe bàbá rẹ, mo ní ẹ gbọ́ o, ojú ló ń ti ọmọ yín, ìwádìí ìyàwó ló ní kí a lọ bá òun ṣe. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fá irùngbọ̀n.

Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ̀ ti gbéra. Kí a tó wọlé, Tíṣà fún wa ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí a kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí bí nǹkan bá ṣe wá. Mo bínú sí i, torí mo rò pé ó ń ṣépè fún wa ni, ṣùgbọ́n mo kọ orúkọ rẹ síbẹ̀ gàdàgbà. Nígbà tí a dé Ọ̀yọ́, wọ́n fi wá sí òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni wọ́n fún èmi àti bàbá rẹ, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti já ọ lẹ́nu ọmú ni oníkálukú ti ń sùn ní yàrá tirẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri tó ń gbọ̀n, tó ń tu òtútù jáde. Àánú rẹ̀ ṣe bàbá rẹ, wọ́n bọ́ kúbùsù orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi bò ó kí ara rẹ̀ lè móoru. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì ní a ti ba ẹ̀rọ òun jẹ́, kò tilẹ̀ dúpẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Tíṣà ní kí a máa rìn ní méjì-méjì, kí ọkọ di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kí a wo iwájú ààfin, kí a lọ wo àwọn tó ń fín igbá. A rìn. Àwọn tó rí wa ń kí wa kú arafẹ́rakù. Obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ dúdú bi mí pé ta ni a ń wá, ṣé ọmọ wa ló sọnù. Mo ní rárá, a kàn ń rìn ni. Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti wú, ó ní kí n jókòó kí n fara balẹ̀.

Bí Tíṣà ṣe yíjú ni a bèèrè ilé bàbá Fọláhànmí, oníṣẹ́ awọ. O mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe ìwádìí ìyàwó kì í sọ ẹni tí òun jẹ́. A wọlé bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, a ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ìlú ni a wá wò, kí wọ́n jọ̀ọ́ fún wa lómi. Ìyá Fọláhànmí fún wa ní àga, ó bu omi, ó gbé àkàrà lé e. Mo wo ilẹ̀ ilé, ó mọ́. Mo wo ìkòkò, ó mọ́. Mo ṣẹ́jú sí bàbá rẹ pé ilé yìí dára, a lè fẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo ti ń wo ògiri ni mo ti rí ọ. Ìwọ ni, Àlàmú, nínú férémù ńlá, nínú kóòtù àti táì, ìyàwó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú aṣọ funfun. Ọkùnrin kan tó sanra àti obìnrin kan tó lo awò ojú jókòó níwájú yín, ọwọ́ rẹ sì wà léjìká obìnrin tó jókòó náà. Mo kọ́kọ́ rò pé onífọ́tò ló ṣe àṣìṣe, pé ó lẹ orí rẹ mọ́ ara ọmọ ẹlòmíràn, torí mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rọra bèèrè pé ta nìyẹn. Ìyá Fọláhànmí ní ọkọ ọmọ òun ni, ọmọlúàbí ni, pé ọ̀gá rẹ̀ àti ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ló jókòó yẹn, àwọn ló dúró bí òbí fún un, torí ọmọ òrukàn ni, ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́ ní abúlé.

Mo ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Kí ni kí n tún sọ? Èmi fúnra mi ni mo kẹ́dùn ikú ara mi. Ó ṣe àmín, ó ní ohun tó ń dun òun ni pé ìyá náà kò rí ọjọ́ ayọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́tí ìró nu ojú. Obìnrin tí kò mọ̀ mí rí ló ń sunkún nítorí mi. Ìwọ kò sunkún nínú fọ́tò, eyín rẹ ló wà níta.

Ó wọ yàrá, ó gbé ọmọkùnrin kan jáde, ó ní ọmọ Fọláhànmí ni, ìyá rẹ̀ ti já a lẹ́nu ọmú, ó sì ti padà sí Èkó. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n bá òun mú un dání kí òun lọ wo ohun tó wà lórí iná. Orí rẹ ni, etí rẹ ni. Ó di gèlè mi mú, kò fi í sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, bàbá rẹ bèèrè orúkọ ọmọ. Ó ní Babátúndé. Bàbá rẹ wá bèèrè pé bàbá wo ló padà dé. Ó ní bàbá bàbá rẹ̀ ni, èyí tó kú sí abúlé. Bàbá rẹ la ẹnu, mo yára tẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga, àkàrà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo ọmọ tí obìnrin náà sọ pé àwọn náà ló padà wá.

Mo gbé ọmọ náà fún un, a dúpẹ́ omi, a jáde. Ó sìn wá dé ìta, ó ní ó dára kí àgbà máa gbafẹ́ báyìí. N kò tú àṣírí rẹ. Kì í ṣe nítorí tìrẹ, nítorí ọmọ náà ni. N kò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ pé òpùrọ́ ni bàbá rẹ̀.

Inú ń bí mi, Àlàmú. Kí ló wà lára wa tó ń tì ọ́ lójú? Ṣé òyìnbó tí a kò gbọ́ ni, àbí ilà ojú bàbá rẹ? Oko tí wọ́n ro tí wọ́n fi rán ọ níléèwé, òun náà ni wọ́n ṣì ń ro. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ìwọ wò? Kí ọdún yìí tó parí, ìwọ àti ìyàwó rẹ, ẹ lọ sí Ọ̀yọ́, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ òtítọ́ fún wọn, kí o sì gbé ọmọ mi wá fún mi ní Ìkòyí-Ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bàbá rẹ ní owó ìsìnkú wa ni kí o fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kú tí kò pa màlúù, tí kò pe ìjọ, ayé á máa bú u, àwọn kò sì fẹ́ kí ayé bú ọ. Nítorí náà fi owó màlúù ránṣẹ́, àti ti ìrẹsì. A máa pa á níṣojú ara wa, a máa jẹ ẹ́ nígbà tí eyín ṣì wà lẹ́nu wa, a ó sì mọ ẹni tó wá sin wá àti ẹni tí kò wá. Má sanwó ìgbafẹ́ fún wa mọ́, èyí tí a rí ti tó wa.

N kò ní ṣépè fún ọ, torí ọmú mi ni o mu. Wàá pẹ́ láyé, wàá hu ewú, ọwọ́ rẹ yóò máa tó ẹnu. Babátúndé ni yóò sin ọ́, kò sì ní sin ọ́ nígbà tí o ṣì wà láàyè. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbíkẹ́.