Orúkọ Mọ́kànlélógún Bàbá Àgbà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Ìwé yìí kì í ṣe tèmi tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi ló ń fi í ya ẹsẹ̀ àwọn tó ní kó bá àwọn rán bàtà. Ẹsẹ̀ gbàǹgbà, ẹsẹ̀ tínńrín, ẹsẹ̀ ẹni tí ìka rẹ̀ wọ́ — gbogbo wọn wà níwájú. Ẹ̀yìn ìwé ló fún mi. Ó ní ohun tí mi ò bá lè sọ fún òun, kí n sọ fún ìwé náà. Ó wá rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan. Oṣù méjì rèé tí mo wọlé rẹ̀, mi ò tíì lè pè é lórúkọ. Nínú ìwé yìí, Ẹlẹ́rìn-ín Kọ̀rọ̀ ni màá máa pè é.

Ohun tí mi ò lè sọ rèé. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ìsìn ìrántí ọdún kan Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Kó tó kú, ó ti sọ fún Àlùfáà pé èmi ni kí n sọ̀rọ̀ nípa òun. Èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Torí pé èmi ni mò ń ka ìwé àdúrà fún un nígbà tí ojú rẹ̀ di bàìbàì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Orúnkún mi ti ń gbọ̀n báyìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Bàbá Onítáì wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ó ń wọ táì lọ roko. Ó mú ìwé kan wá tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀. "Bó ṣe wà ni kí o kà á. Má fi kún un, má yọ nínú ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ìgbà tó lọ tán ni mo kà á. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé lójú ogun, Bàbá Àgbà yìnbọn pa ogójì èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Bàbá Àgbà. Tó jẹ́ pé tí a bá fẹ́ pa adìẹ, ẹ̀yìn ilé ló ń sá lọ kó má baà rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo máa kọ òtítọ́ síbí kó lè wà níbì kan.

Wọ́n fi agbára mú un lọ sógun. Wọ́n gbé ìbọn fún un, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti sọ fún òun pé kí òun má pààyàn, òun ò sì gbọ́ pé Ó ti yí ọ̀rọ̀ Rẹ̀ padà. Wọ́n nà án. Wọ́n tún gbé ìbọn fún un, ó tún gbé e sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ju ṣọ́bìrì lù ú, wọ́n ní kó máa sin òkú. Ṣọ́bìrì yẹn ló fi ja gbogbo ogun.

Kò sin ẹnikẹ́ni láìmọ orúkọ rẹ̀. Tí ẹni náà bá ṣì ń mí, á bi í. Tí kò bá mí mọ́, á wá ìwé nínú àpò rẹ̀. Mọ́kànlélógún. Mẹ́sàn-án nínú wọn, ọmọ ogun ìhà kejì ni wọ́n.

Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ lórí àpò ìdọ̀họ, á ní, "Olúwa, rántí," á wá pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Kì í kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ó ní òjò lè ba ìwé jẹ́, kò lè ba ẹnu jẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ká dárúkọ àwọn àpọ́sítélì. Èmi onítìjú náà dìde. Ó dá mi lójú. Mo pe méjìlá àkọ́kọ́ nínú àwọn èèyàn Bàbá Àgbà. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo sunkún dé oko. Bàbá Àgbà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó ní kí n jókòó. Ọjọ́ yẹn ló sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún mi.

Ṣé ọkùnrin yẹn ni wọ́n ní kí n fi ogójì òkú lé lórí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bàbá Àgbà, ẹ má bínú, ẹnu mi ò lágbára tó tiyín.

Ogún ni mo rí. Mo pè wọ́n kíákíá, mo pè wọ́n jẹ́jẹ́, mo kúnlẹ̀ pè wọ́n. Ogún náà ni. Ẹni kejìlá ti sọnù. Mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ogún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ sílé Bàbá Onítáì. Èmi nìkan. Mo kúnlẹ̀, mo ní mi ò lè ka ìwé yẹn.

Ó wá bi mí bóyá mo mọ ohun tí wọ́n ń pe òun níléèwé. Ọmọ Agbẹ́sàréè. Ó ní bàbá àwọn yòókù bọ̀ látogun pẹ̀lú ìtàn, bàbá tòun bọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ó ní, "Ogójì èèyàn yẹn, ta ni wọ́n ṣe níkà? Kò sí wọn."

Mo ní, "Àwọn mọ́kànlélógún wà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹni kejìlá?"

Ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń sọ. Òun ò gbọ́ orúkọ kankan rí.

Yàrá kan náà ni òun àti Bàbá Àgbà jọ ń sùn títí ó fi di géńdé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́. "Ìyàwó, ohùn rẹ tí a kì í gbọ́ láti yàrá dé ilé ìdáná, inú ìjọ lo fẹ́ gbé e lọ?" Mo wolẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n di igi pẹpẹ mú dáadáa, pé igi kì í sá.

Ẹlẹ́rìn-ín Kọ̀rọ̀ gba bàtà mi, ó kan gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ó ní tí orúnkún bá ń gbọ̀n, kí bàtà má bá a gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ṣe é.

Mo gbé ìwé Bàbá Onítáì sórí pẹpẹ, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo ní bàbá bàbá mi ò pa ẹnikẹ́ni, wọ́n nà án torí ẹ̀, àwọn tó sin nìwọ̀nyí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n ìjọ dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Bàbá Onítáì wúkọ́ níjòókòó iwájú. Ó tún wúkọ́. Mi ò wò ó.

Mo pe ẹni kọkànlá. Mo dúró.

Mo ní, "Ẹni kejìlá, mo ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

Mo ti lanu fún ẹni kẹtàlá nígbà tí mo gbọ́ ọ láti ìjókòó iwájú. Orúkọ kan, jẹ́jẹ́. Bàbá Onítáì. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ di táì mú. Bí Bàbá Àgbà ṣe máa ń pè é gan-an ló pè é, tó ń fa ìparí rẹ̀ díẹ̀.

Mo tún un pè tẹ̀lé e. Mo wá lọ sórí ẹni kẹtàlá, mo sì pè wọ́n tán.

Lẹ́nu ọ̀nà ó ní mo ti dójú ti òun lójú gbogbo ayé, pé kí n má kí òun mọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo kí i.

Mo ti kọ ẹni kejìlá sí àyè rẹ̀. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, màá kúnlẹ̀.