Ọjọ́ Tí A Sọ Fáìn Lórúkọ

Òkè-Sopẹn, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́bọ̀.

Àkànní ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ẹ gbé o. Ìyàwó mi Abímbọ́lá ńkọ́? Hidayah ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ tó ká ti hù padà? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ẹ rí ìbànújẹ́ ní Èkó tí ẹ wà yẹn, àpò yín ò ní gbẹ. Àmín. Àwa náà wà dáadáa níhìn-ín, orúnkún mi nìkan ló ń ro mí nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí mo ti bọ́ sí ìwé kejì! Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o lè bá mi yọ̀ dáadáa.

O rántí Iléyá tó kọjá. Hidayah wọlé, ó dì mọ́ mi, ó fi òyìnbó bi mí ní nǹkan kan, mi ò gbọ́, mo kàn ń mi orí, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó tún bèèrè, mo tún mi orí. Ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé Màmá àgbà ò gbọ́ nǹkan kan, ó lọ jókòó ti ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé títí ẹ fi lọ. Ewúrẹ́ yẹn náà ò kúkú gbọ́ òyìnbó! Mi ò sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, mo sunkún. Ìgbà tí mo wá bi Abímbọ́lá lórí fóònù, ó ní ọmọ náà kàn ń bèèrè bóyá ara mi le ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn mọ́sálásí. Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi ló ń kọ́ wa, ọmọlúàbí ni. Inú ìwé kejì ni wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi òyìnbó báni sọ̀rọ̀, ojú mi ò sì kúrò lára ìwé yẹn nítorí Iléyá mìíràn ti fẹ́ dé.

Lọ́jọ́ Ajé, tíṣà kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sára pátákó, ó pè é ní fáìn. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré yìí, iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀, ó sì ní àwọn orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Ó ní ká wá gbogbo rẹ̀ wá lọ́jọ́rú, ẹni tó bá mú márùn-ún wá á bọ́ sí ìwé kejì, ẹni tí tirẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀ á máa ka ìwé kìíní títí Iléyá á fi kọjá. Oríolúwa, ọmọ yunifásítì tó gba yàrá iwájú, ní gbogbo ìtumọ̀ òyìnbó ló wà nínú fóònù, ló bá sáré lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Mo ṣí ẹ̀yìn fóònù mi, mo yọ bátìrì, mo wo abẹ́ rẹ̀, eruku ló wà níbẹ̀. Ó jọ pé fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń kó o sí.

Mo wá jókòó, mo ro ó. Orúkọ ni tíṣà ní ká wá, ta ló sì ń dá sọ ọmọ lórúkọ? Gbogbo ẹbí ló ń sọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ránṣẹ́ kiri pé kí wọ́n wá sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìsọmọlórúkọ wà. Mo gbàgbé láti sọ irú ọmọ tó jẹ́.

Há, Àkànní! Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àgbàlá fi kún. Ìyá Kúbúrá gbé ọṣẹ ọmọ àti ìlédìí wá, ó ń wo ikùn mi. Ẹnìtàn àbúrò mi ti Ìbíadé dé pẹ̀lú agbọ̀n ẹja gbígbẹ fún ọbẹ̀ abiyamọ, ó ti sọ fún gbogbo èrò inú ọkọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ti rí ojúrere bíi ti Sárà ìyàwó Ànábì Ìbúráhímà. Àlùfáà Bàdírù gbàdúrà tán, wọ́n ní ọmọ dà. Mo gbé ìwé mi jáde, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo ní òun rèé. Àlùfáà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, fìlà wọn jábọ́, wọ́n ní omi ti wà nínú abọ́, ìkọ́kọrẹ́ ti jinná, ká kúkú sọ ọ́ lórúkọ.

Bàbá Akínyẹlé ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni ìtanràn tí àwọn san nígbà tí àgbò àwọn jẹ oko ẹlòmíràn. Ọmọ́títí onígaàrí ní rárá o, òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe gaàrí tó bá kúnná. Ẹnìtàn ní ní odò tiwọn, bí afẹ́fẹ́ ò bá jà, ọlọ́kọ̀ ojú omi á wo ojú ọ̀run, á ní fáìn, wọ́n á sì wọkọ̀. Ìyá Kúbúrá ní nígbà òun wà lọ́mọge, fáìn ni ọkọ òun ń pe òun, kò pè é mọ́ láti orí ọmọ kẹrin, ọkọ rẹ̀ sì wà níjókòó, ó ń wo ilẹ̀. Àlùfáà ní òun ni ìdáhùn ẹni tí wọ́n bi bóyá ara rẹ̀ le. Oríolúwa tó ti dé wá fi náìsì, gúùdù, lọ́fúlì, bíútífù, wẹ́ẹ̀lì àti ókè kún un. Mọ́kànlá! Mo fò sókè, mo gbàgbé orúnkún.

Lọ́jọ́rú, àwọn yòókù mú méjì wá, ẹlòmíràn mẹ́ta. Tíṣà rí tèmi, ó bi mí pé ta ló bá mi ṣe é, mo ní ẹbí mi ni. Ó ní iṣẹ́ àmúrelé, èèyàn ló ń dá a ṣe. Mo bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ nìkan ló dá sọ ọ́ lórúkọ. Ó họ orí. Ó wá ní kí n dìde, kí n pè wọ́n láìwo ìwé. Mo dìde, mo dijú, mo sì ń rí wọn níkọ̀ọ̀kan, àgbò Bàbá Akínyẹlé, igbá Ọmọ́títí, ọkọ Ìyá Kúbúrá tó ń wo ilẹ̀. Mo pe mọ́kọ̀ọ̀kànlá pé! Tíṣà fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé kejì fún mi.

Jọ̀ọ́ ọmọ mi, fi owó ìwé náà ránṣẹ́, àti ti awò ojú, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kéré. Fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé o, má fi gba báńkì, ẹ̀rọ ara ògiri yẹn, mo kí i lọ́jọ́sí, kò dáhùn, ó sì gbé káàdì mi mì. Ọṣẹ àti ìlédìí Ìyá Kúbúrá, mo ti tọ́jú wọn pamọ́ de Abímbọ́lá, ẹ̀yin méjèèjì ti mọ ohun tí mò ń wí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dàgbà, kí ẹ dogbó, kí ọmọ yín gbẹ̀yìn yín. Àmín.

Má sọ fún Hidayah o. Jẹ́ kó wọlé, kó dì mọ́ mi, kó bi mí ní ohun tó bi mí lọ́dún tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí ọmọ mi ti ń dúró de ìdáhùn. Màá ní àm fáìn. Bó bá sì tún fẹ́ dìde lọ bá ewúrẹ́, màá fà á lọ́wọ́ jókòó, màá sọ fún un pé ó ṣì ku mẹ́wàá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràhmát.