Wáyà Tó Lọ sí Ẹsẹ̀ Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ààfáà wa sọ pé àdúrà ń dé ọ̀dọ̀ òkú. N kò bi wọ́n léèrè nípa lẹ́tà, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi pé kì í dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, lórí àga mi nílé ẹ̀rọ, ní Ìwéré-Ilé níbí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí oko tó gbà mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí mo fi ìwé mẹ́ta ṣe!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Mo ti rú òfin tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti fi ẹsẹ̀ mi tẹ ẹnu ọ̀nà ilé àbúrò yín, Bàbá Ráfíù. Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dá mi lẹ́jọ́.

Nígbà tí ẹ wà láyé, orí la fi ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sílé ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Lónìí, ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń rin ẹ̀gẹ́ lábẹ́ òrùlé tèmi, kò sì sí ọ̀kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì nínú wọn. Oòrùn ló ń wà wọ́n. Oòrùn Òkè-Ògùn tó máa ń nà yín lẹ́gba lẹ́yìn nínú oko iṣu, èmi ọmọ yín ti so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, mo ń fi ṣiṣẹ́. Páńẹ́ẹ̀lì wà lórí páànù mi láti òpin dé òpin. Bátìrì wà nínú yàrá tirẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Bàbá Onísólà ni wọ́n ń pè mí láti ibí dé Ìlúà, n kì í sì í dá wọn dúró.

Wọ́n tilẹ̀ pe àwa oníṣẹ́ jọ sí Ṣakí láti kọ́ wa nípa iná tí kì í tán. Àwọn ọmọ yunifásítì kún ibẹ̀, èmi nìkan ni mo dé fìlà. Olùkọ́ ní oòrùn kì í tán, afẹ́fẹ́ kì í tán, omi tó ń ṣàn kì í tán. Ó ní ìgbẹ́ màálù àti èèpo ẹ̀gẹ́ pàápàá, tí a bá pò wọ́n pọ̀, tí a dé wọn mọ́ inú ihò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọ́n á jẹrà, wọ́n á yọ gáàsì tó ṣeé dáná. Èèpo ẹ̀gẹ́! Òkìtì rẹ̀ ga ju orí mi lọ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Mo délé, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ihò. Ìyàwó mi ká ọwọ́ lérí.

"Alájì, ẹ fẹ́ fi ìgbẹ́ màálù se ọbẹ̀ fún mi?"

"Gáàsì rẹ̀ ni, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ tiyín ná, ká wò ó."

Mo jẹ ẹ́. Ẹ̀wà ló ń sè lórí rẹ̀ báyìí, kò sì rántí mọ́ pé òun bú mi.

Iná tó bá ṣẹ́kù lára iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo ń fà á fún àwọn aládùúgbò. Ilé méje ló ń lò ó. Ilé kẹjọ, tó fara ti ògiri wa, nìkan ni mo fò. Wáyà mi á dé ara ògiri yẹn, á yà bàrá. Ẹ mọ ilé ẹni tó jẹ́. Mo sì ń fi ṣe fáàrí pé ọmọ tó gbọ́ràn sí baba rẹ̀ lẹ́nu ni mí.

Ní oṣù tó kọjá, gílóòbù ilé adìyẹ, tó jìnnà jù lọ, kọ̀ kò tàn. Àwọn ọmọ ìwòyí tó ń ta bátìrì ní bátìrì mi ti kú. Mo ní irọ́ ni. Bó bá jẹ́ bátìrì ni, kí ló dé tí ti ilé ìdáná ń tàn? Mo tẹ̀ lé wáyà náà láti ìdí, mo ń fọwọ́ pa á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí mo fi bá ibi tí eku ti jẹ ẹ̀wù rẹ̀ sí. Mo gé e, mo so ó padà, iná tàn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àílà. Mo ń fi ìka fọ abẹ́ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi, ni ìka mi bá kan nǹkan líle. Kékeré lára wáyà tí mo gé ni. Ó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, awọ ti fẹ́ dé e mọ́ inú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rìn lórí irin! Ọwọ́ ló ròyìn ohun tí ẹsẹ̀ fi pamọ́ fún mi. Bàbá mi, ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ojo, ṣùgbọ́n mo jókòó sílẹ̀ gẹẹrẹ lẹ́bàá kẹ́tùlù. Ẹsẹ̀ yín ni mo rí.

Ṣé ẹ rántí ọyẹ́ ọdún yẹn? Ẹ na ẹsẹ̀ síbi iná, ẹ ń sọ fún wa bí iṣu yín ṣe borí ti gbogbo àwọn ará Àgọ́-Àmọ̀dù. Ẹnu yín ni mo jogún, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Bí ìtàn bá dùn mọ́ yín, ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lu ilẹ̀, èmi náà ń ṣe é di òní. Mo gbọ́ òórùn bí ẹni pé wọ́n ń sun awọ, mo yíjú, mo ń wá ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ yín ló ń jóná. Ẹ ò tilẹ̀ dánu dúró nínú ìtàn.

Egbò yẹn ló gbé yín lọ. Kí ẹ tó lọ, ẹnì kan nílé ti rántí pé òun rí àbúrò yín ní kùtùkùtù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, tí wọ́n ń da nǹkan sílẹ̀ láti inú igbá. Gbogbo ilé ní oògùn ni. Wọ́n ní ẹ tẹ̀ ẹ́, òun ló pa ẹsẹ̀ yín. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n má fi ẹsẹ̀ mi tẹ ẹnu ọ̀nà wọn títí ayé. Mo pa á mọ́. Ó lé ní ogójì ọdún.

Mo ránṣẹ́ pe Sìdíkátù, ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí. Ẹ ò rí i. Orúkọ ìyá yín la sọ ọ́. Ó gún mi lábẹ́rẹ́ lọ́mọ ìka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó mi orí.

"Bàbá, ṣúgà yín ga. Ó ti ń ba iṣan ẹsẹ̀ yín jẹ́."

"Iṣan tèmi? Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn geere nínú rẹ̀. Wo ojúgun mi bó ṣe ki!"

"Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Kì í sì í ṣe iṣan tí ẹ fi ń gbé àpò gààrí. Iṣan tó ń jíṣẹ́ ni mò ń wí."

Àwa Yorùbá náà la ṣe é. Gbogbo okùn inú ara la pè ní iṣan, a wá ń bi ara wa léèrè pé èwo ni.

Ó ní ọpọlọ ni bàálé. Okùn ńlá kan ti ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba inú egungun ẹ̀yìn, ara ìyẹn ni àwọn tínínrín ti yà lọ sí apá, sí ikùn, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn kan ń gbé àṣẹ bọ̀ láti òkè, pé rìn, pé dúró. Àwọn kan ń gbé ìròyìn lọ sókè, pé ibí gbóná, ibí ń dun ni. Ti ìròyìn lè bàjẹ́ kí ti àṣẹ ṣì máa ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rìn tí n kò sì mọ̀ pé irin wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó tún ní bí ọwọ́ bá kan iná, okùn ẹ̀yìn á ti fà á padà kí ọpọlọ tó gbọ́, bí ìyálé tó ti lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àgbàdo kí bàálé tó jí. Tiyín kò fà sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn, nítorí ìròyìn kò tilẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Kó tó la ẹnu, mo ti mọ̀. Ilé adìyẹ! Wáyà tó gùn jù ni eku ń rí jẹ jù. Mo sọ ọ́ fún un, ó lanu sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló kọ́ yín?"

"Oòrùn ló kọ́ mi."

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá èèrà máa ń bo ibi tí mo bá tọ̀ sí, nítorí ṣúgà tó bá pọ̀ jù máa ń bá ìtọ̀ jáde. Bàbá mi, mo rántí. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yín, níbi tí ẹ máa ń tọ̀ sí nígbà tí ìtọ̀ kò jẹ́ kí ẹ dé ẹ̀yìnkùlé mọ́! Èèrà ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ilé ń fi ṣeré. Àti ìkòkò omi tí ẹ máa ń mu gbẹ, tí ìyá wa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ti gbé odò mì. Ta ló mọ̀ nínú wa? Èèrà nìkan ló mọ̀.

Mo rò ó fún ọjọ́ méjì. Ọ̀rọ̀ tí baba fi sílẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ní ọjọ́ kẹta mo wọ agbádá, mo wọ bàtà, nítorí Sìdíkátù ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ lásán rìn mọ́. Mo lọ.

Bàbá Ráfíù jókòó sórí ẹní nínú yàrá wọn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, etí wọn pé.

"Ta nìyẹn?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dárúkọ ara mi.

"Haà! Bàbá Onísólà. Ṣé iná ti tán lọ́dọ̀ yín ni, tí ẹ wá yá àtùpà?"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ dà sẹ́nu ọ̀nà bàbá mi nígbà yẹn?"

Wọ́n ní, "Eérú ni. Eérú ààrò. Èèrà ti fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo dà á lé wọn lórí. Mo wí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́, Bàbá mi. Etí mi gbọ́ ọ. Orí mi ni kò gbà á.

Mo ṣàlàyé ti ṣúgà fún wọn, mo ṣàlàyé ti iṣan. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi dáadáa.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá, bàbá."

Wọ́n gòkè díẹ̀, wọ́n tẹ ọrùn ẹsẹ̀.

"Ibí ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

"Ó ṣì kù nìyẹn. Ká ní mo ti tẹ ti ẹ̀gbọ́n mi wò báyìí..." Ẹkún ò jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀. Wọn ò sì jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo fa wáyà kọjá ògiri. Èmi fúnra mi ni mo gun àkàbà, tàgbà-tàgbà, gbogbo àdúgbò ló ń wò mí. Yàrá wọn kò ní fèrèsé gidi, ó ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Mo fi ọwọ́ wọn lé suwíìṣì, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé kò ní pa mí lẹ́sẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Oòrùn wọlé.

Mo fẹ́ pa á, nítorí ọ̀sán ṣì ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ṣebí kì í tán ni o wí? Fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀, Bàbá mi. Ṣé ẹ bínú sí mi? Bí ẹ bá bínú, ẹ wá bá mi wí lójú àlá. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí yín, oorun mi sì dùn. Ara mi yá. Mò ń lo oògùn mi, mo ti fi mínírà sílẹ̀, ìyàwó mi sì ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi wò láràárọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ní Àlásárì, mo máa ń ti mọ́sálásí kọjá lọ jókòó ti Bàbá Ráfíù lórí ẹní. Ìtàn iṣu yín ni wọ́n ń sọ fún mi. Wọ́n ní tiwọn ló tóbi jù lọ́dún yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Èmi ni, ọmọ yín, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ẹ̀gún mọ́, ṣùgbọ́n tó mọ ọ̀nà ilé àbúrò yín.