Fọ́tò Ìrẹsì Tí Tẹjú Fi Ránṣẹ́

Tẹjú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí ní Onígbòǹgbò lọ́hùn-ún? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Èkìtì níbí kò ní fojú fo ilé tìrẹ náà. Gbogbo ilé ń kí ọ. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ìjì sì ti gbé páànù kan lọ lórí ilé ìdáná.

Fọ́tò oúnjẹ tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ara bàbá rẹ kò yá nígbà náà, ẹnu wọn ti kọ oúnjẹ, ẹ̀kọ mímu pàápàá wọ́n ń tì í sẹ́yìn ni. Àfi bí mo ṣe gbé fọ́tò náà síwájú wọn, tí wọ́n rí ìrẹsì pupa yẹn, àti adìyẹ tó ń dán lórí rẹ̀, àti èéfín tó ń rú. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ta ló se èyí, mo ní Tẹjú ni, wọ́n ní kí n se irú rẹ̀ fún àwọn. Mo fi àwo bo fọ́tò náà kí eṣinṣin má bàa bà lé e, mo pa àgbébọ̀ mi kan ṣoṣo, mo se é. Bàbá rẹ jẹun, ọmọ mi! Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni Bọ́sẹ̀dé ọmọ àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Aláúsá, wọlé wá kí wa. Mo fi fọ́tò náà hàn án, mo ní wo bí Tẹjú ti ń jẹun l'Ékòó. Ó wá ní kì í ṣe ìwọ lo se é. Ó ní láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí o wà n'Íkẹjà ti dá yín dúró nítorí Sáàpù tí ìjọba gbé dé, ilé oúnjẹ kan ní Opebi ló ń di oúnjẹ sínú páálí fún ọ, pé kí o máa tò ó sínú àwo nínú yàrá rẹ, kí o yà á, kí wọ́n lè gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó ní òróró tútù lo fi ń kun adìyẹ kó lè dán, òwú tí o rì sínú omi gbígbóná lo sì fi sẹ́yìn àwo, òun ló ń rú èéfín. Ó ní kí o tó yà á tán, oúnjẹ á ti kan, wàá dà á nù, wàá mu gààrí, wàá sùn. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ fọ́tò yẹn ló ń fa adùn oúnjẹ mu, ó ní rárá.

Bàbá rẹ gbọ́. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní ebi ń pa ọmọ àwọn, ó sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn. Wọn ò bínú o. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan itan adìyẹ méjèèjì, kí n yan wọ́n gbẹ fún ọ. Àwọn fúnra wọn ló jókòó ti iná, tí wọ́n ń yí i, àwọn tí kò lè dìde lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bọ́sẹ̀dé ló máa gbé e fún ọ pẹ̀lú èlùbọ́ díẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, jọ̀ọ́ fi owó òògùn bàbá rẹ àti owó páànù ránṣẹ́. Bí kò bá sí, má febi pa ara rẹ nítorí rẹ̀.

Ọlọ́run yóò tún ọ̀nà rẹ ṣe. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá tò sínú àwo, ẹnu rẹ ni yóò jẹ ẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ