Ife Ẹ̀wà Mẹ́rin àti Ìkọ̀wé Pupa Bàbá Mélòó

Yàrá Kẹsàn-án,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ti Ní Ìdílé,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé Yunifásítì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Ìdánwò,
Àjà Kejì, Ọ́fíìsì Àgbà Yunifásítì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÒṢÌṢẸ́ YÀRÁ ÌWÁDÌÍ OHUN Ọ̀GBÌN PADÀ SẸ́NU IṢẸ́, ÀTI ÌJẸ́WỌ́ LÓRÍ OJÚ-ÌWÉ KẸTÀLÉLÓGÚN NÍNÚ ÌWÉ ÌWÁDÌÍ MI

1. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin tó ni ìwé ìwádìí tí olùdánwò tó wá láti ìta fi lé yín lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí, mo ti bímọ méjì, mo sì ti fi ọdún mẹ́rìnlá ránṣọ kí n tó wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí. Ìyá Kíláàsì ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ.

2. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú yàrá ìwádìí ohun ọ̀gbìn ní lẹ́tà pé kó lọ jókòó sílé. Wọ́n ní ó bá mi ṣe iṣẹ́ ìdánwò àṣekágbá mi, nítorí pé wọ́n rí ìkọ̀wé rẹ̀, tó fi pẹ́ńsù pupa kọ, ní ojú-ìwé kẹtàlélógún ìwé mi. Mo gbọ́ pé ẹ máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àti pé bí ẹ bá dá a lẹ́bi, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, mo wá òmíràn títí, mi ò rí èyí tó bá a mu.

3. Bàbá Mélòó ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, nítorí ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bí èèyàn bá sọ fún un pé ewé ti rọ, á ní ewé mélòó. Bí èèyàn bá ní òun ti dúró pẹ́, á ní ìṣẹ́jú mélòó. Kò lọ sí yunifásítì rí. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń wọ yàrá náà ní aago méje àárọ̀, tó ń ka gbogbo ife àti ìkòkò tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan: èyí tó yè, èyí tó kú, bí yàrá ṣe gbóná tó. Mo gbọ́ pé nínú ẹ̀yin náà, àwọn kan ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ń báni ṣe iṣẹ́. Ojú ẹni ló máa ń là, á wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

4. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka àbọ̀ ìwádìí, mo sì fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀. Ní ọdún kejì, olùkọ́ wa fún wa ní àbọ̀ ìwádìí kan pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ kà á, kó wá ṣàlàyé rẹ̀. Mo ka ojú-ìwé àkọ́kọ́, mo ka ti ìkẹyìn, mo ní ó ti yé mi. Mo wà ní yàrá ìwádìí tí mò ń dúró de omi tó ń hó nígbà tí Bàbá Mélòó bi mí ní ohun tí àwọn èèyàn náà ṣe. Mo sọ ohun tí wọ́n rí. Ó ní ohun tí òun bi mí kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n ṣí i sí àárín, ibi tí mo ti fò nítorí pé ó sú mi: irúgbìn mélòó ni, omi mélòó, ọjọ́ mélòó, ta ló kà á. Àṣé irúgbìn mẹ́sàn-án péré ni gbogbo ariwo náà! Mẹ́ta sì ti kú nínú wọn, àwọn tó kọ ọ́ sì jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú lẹ́tà kékeré lábẹ́ tébù tí wọ́n to nọ́ńbà wọn sí. Ó fi ìka sí ibẹ̀, ó ní èèyàn gidi ni wọ́n. Ẹnu yà mí. Ohun tí mo ti ń rò látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni pé ẹni tí kì í ṣì ṣe ló ń ṣe ìwádìí.

5. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo ti rí ìbéèrè tí mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Omi tí ìyá mi bá fi fọṣọ tán, ẹ̀fọ́ rẹ̀ ló máa ń dà á sí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní omi ọṣẹ ni kò jẹ́ kí ẹ̀fọ́ náà ga. Ìyá mi ní ẹnu àbúrò òun ni kò jẹ́ kó ga. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbin ẹ̀wà sínú ogójì ife, mò ń da omi tó mọ́ sí ogún, mò ń da omi ọṣẹ sí ogún yòókù, mo sì ń wọn gíga wọn fún ọjọ́ mọ́kànlélógún.

6. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo kọ́kọ́ mú wá. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Mélòó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà irin, ó sì ní kí n wò ó fúnra mi. Téèpù náà ti fà. Níbi tí rúlà ti pé ọgọ́ta, tèmi kò tíì pé. Mo rántí gbogbo oníbàárà tó ti fi ìwọ̀n ara wọn ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n wá ń ráhùn pé aṣọ tóbi jù, tí mo sì ń sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n rù. Olúwa dárí jì mí. Mo ra rúlà.

7. Ibi tó le nìyí. Nígbà tí ọjọ́ pé, mẹ́rìndínlógún nínú ogún ife olómi ọṣẹ kúrú, ó hàn kedere. Mẹ́rin tó kù ga bí àwọn tó ń mu omi tó mọ́. Mo yọ mẹ́rin náà kúrò nínú kíkà mi. Mi ò pè é ní irọ́ nígbà náà. Télọ̀ ni mí, bí etí aṣọ bá yọ kọjá ojú ìrán, màá gé e, aṣọ á sì gún. Mo kọ ọ́ sínú tébù mi pé mẹ́rìndínlógún ni ife olómi ọṣẹ, mo fa ìlà sí i nídìí, mo sì jókòó tí mò ń wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán.

8. Mo fi ìwé ìwádìí tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, mo bá ohun tí ẹ̀yin náà ti rí: “Ogún ni mò ń kà láràárọ̀. Mẹ́rin dà?” Gbogbo ìkọ̀wé pupa náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bá mi kọ nọ́ńbà kankan, kò bá mi pa ọ̀kankan rẹ́. Ẹ tún un wò.

9. Inú bí mi. Mo lọ bá a, mo ní kí ló kàn án nínú iṣẹ́ mi. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe sọ ọ́; ojú ṣì ń tì mí títí di òní. Kò bá mi jà. Ó ní òun kò mọ ìdí tí mẹ́rin náà fi ga, pé bí òun bá tiẹ̀ mọ̀, òun kò ní sọ, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Ó gbé àpótí ìjókòó kan fún mi, ó ní kí n lọ jókòó tì wọ́n, kí n máa wò wọ́n. Ẹ̀yin Ọ̀gá, gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó ṣe fún mi lórí mẹ́rin náà nìyẹn: ìbéèrè kan àti àpótí ìjókòó kan.

10. Mo jókòó láti aago mẹ́jọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù, kíláàsì tó wà lókè wa tan ẹ̀rọ amúlétutù wọn. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti inú páìpù kan lára àjà sínú ife mẹ́rin náà, tó wà ní igun tábìlì. Omi tó mọ́ ni, ó sì ti ń fọ ọṣẹ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ wọn lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo kígbe. Bàbá Mélòó sáré wọlé, ó rò pé mo ti fọ́ nǹkan. Mo nawọ́ sókè. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wá bi mí pé ìgbà mélòó ló ń kán ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà mọ́kànlá ni. Ó wà ní ojú-ìwé kẹrìnlélógún, tí olùdánwò kò ṣí.

11. Mo tún gbogbo rẹ̀ gbìn, ọgọ́ta ife lọ́tẹ̀ yìí, jìnnà sí páìpù. Ogún ń mu omi tó mọ́, ogún ń mu omi ọṣẹ, ogún yòókù náà ń mu omi ọṣẹ, àmọ́ mo ń fi omi tó mọ́ ṣan iyẹ̀pẹ̀ tiwọn. Omi ọṣẹ mú kí wọ́n kúrú lóòótọ́; àwọn tí mo ṣan ga. Ohun tí mo ti gé dànù ló wá wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ìyá mi ti ń ṣan ẹ̀fọ́ rẹ̀ báyìí, òun àti àbúrò rẹ̀ sì ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn fà. Mi ò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé rí.

12. Ẹ̀bi mi rèé. Nínú àbọ̀ tí mo fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìwádìí náà, mo kọ ọ́ pé omi kán sínú ife mẹ́rin, àmọ́ mi ò kọ ọ́ pé mo ti kọ́kọ́ yọ wọ́n dànù. Nígbà tí olùdánwò ṣí ojú-ìwé kẹtàlélógún, ó bi mí bóyá èmi ni mo kọ ìkọ̀wé pupa náà. Mo ní rárá. Ó ní ta ni. Mo sọ fún un. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, mo sì gbé ẹnu mi dákẹ́, nítorí pé bí mo bá ṣàlàyé ìlà pupa náà, màá ní láti ṣàlàyé ohun tó fà á. Ẹ̀rù bà mí. Mo jáde, inú mi sì dùn pé ó ti tán. Ní ọjọ́ kejì, mo bá Bàbá Mélòó níbi tó ti ń kó ife tíì àti bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Kò bi mí ní ohun tí mo sọ. Ohun tó bi mí ni pé ta ni yóò ka ife lọ́la.

13. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ pè é padà kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ojú-ìwé kẹtàlélógún kúrò tàbí kí wọ́n pa ìkọ̀wé pupa náà rẹ́. Ìlà tó dára jù nínú ìwé náà ni, èmi kọ́ ni mo sì kọ ọ́. Bí máàkì yóò bá dín, kó dín lára tèmi, bí ẹ bá sì ní kí n wá tún ọdún kẹrin ṣe, màá tún un ṣe. Màá dúró níwájú yín lọ́jọ́ náà láti fi ẹnu ara mi sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí.

14. Láti ọjọ́ tó ti lọ, èmi ni mò ń ka ife. Ní aago méje àárọ̀ yìí, igba ó lé mẹ́rin ló wà ní yàrá náà. Mọ́kàndínnígba yè. Márùn-ún ti kú, ọwọ́ mi ni wọ́n sì kú sí, nítorí pé mo gbàgbé láti bomi rin wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí ẹni tó rí i. Mo kọ márààrún sínú ìwé ńlá náà, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sí i.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, títí kan àárín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Kíláàsì,
Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kẹrin, Ìmọ̀ Nípa Ohun Abẹ̀mí,
tó ń ka ife títí ẹni tó ni iṣẹ́ náà yóò fi dé.