Àwòrán Aṣálẹ̀ Tí Mo Yí Kọjú sí Ògiri

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Italy, mo sì kí Màámi. Ìkúnlẹ̀ yìí kò sọ pé inú mi dùn sí yín. Ẹ fi fọ́tò ẹ̀kú eégún bàbá àgbà ránṣẹ́ sí mi, ẹ ní kí n bá yín wá òyìnbó tó máa rà á. Ẹ tún sọ fún gbogbo ẹbí pé mo ti gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí gbangba: n kò gbà.

Ẹ mọ̀ pé galleria kan, ilé tí wọ́n ti ń ta àwòrán, ní àdúgbò San Salvario ní Turin, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé àwòrán kọ́, tí mo sì máa ń ṣàlàyé wọn fún àlejò. Lásìkò òtútù yìí, ọ̀gá mi obìnrin ra àwòrán kan tí àwọn ọmọ onílẹ̀ aṣálẹ̀ Australia yà. Àmì tó-tò-tó pupa àti funfun ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n máa sọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Bàbá àgbàlagbà kan láti aṣálẹ̀ yẹn wá sọ̀rọ̀ ní yunifásítì kan ní Padua. Ó gbọ́ nípa àwòrán náà, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Bó ṣe rí i báyìí, ó gbójú kúrò. Ó rọra sọ fún mi pé ipa ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá wọn ni. Ó ní orí ilẹ̀ àti ara èèyàn ni wọ́n ti ń yà á nígbà orò, tí wọ́n á sì pa á rẹ́ tí orò bá parí. Ó ní àwọn ayàwòrán mìíràn máa ń fi tó-tò-tó bo ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ya èyí kò bò ó. Ó bẹ̀ wá pé ká gbé e kúrò. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti sanwó. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára àpò fún títà.

Mo yí àwòrán náà kọjú sí ògiri. Ọ̀gá yí i padà. Mo tún yí i. Ó ní tí mo bá tún dán an wò, òun á fagi lé contratto mi, ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ contratto yẹn ni ìwé ìgbélùú mi rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, mo yí i lẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́ náà ló lé mi.

Èbúté Marghera ni mo ti ń to ẹrù báyìí. Ẹ̀yìn ń ro mí, n kì í sì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀, fọ́tò yín ló dùn mí jù. Obìnrin òyìnbó yẹn kò mọ ohun tó ń tà. Ẹ̀yin mọ̀. Láti kékeré lẹ ti kọ́ mi pé obìnrin kì í wo inú ẹ̀kú. Ẹ̀yin kan náà lẹ tú u sílẹ̀, tí ẹ ya inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin yín.

Mo ti pe Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ẹ̀kú náà kúrò ní yàrá yín. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Kí Ẹlẹ́dàá dá ẹ̀mí yín sí, kí Ó sì fún yín ní ojú tó ń ti èèyàn. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. N kò ní pè yín títí Mọ́gàjí á fi sọ fún mi pé ẹ̀kú ti dọ́wọ́ àwọn.

Èmi ni, ọmọ yín,
Adéọlá