A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ùsì, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọ̀gá mi ní Adó fẹ́ ṣí ọgbà ìṣeré ọmọdé kejì. Ó ní Ùsì tàbí Ìkọ̀lé ni, èyí tí ọmọ bá ti pọ̀ jù níbẹ̀ lòun máa kówó sí. Bó bá jẹ́ Ùsì, èmi ni mo máa bójú tó o, n óò sì lè máa sùn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi.

Ni mo bá ń ti ojúlé dé ojúlé lónìí, mò ń bèèrè iye ọmọ tó wà nílé.

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. "A dúpẹ́." "Ọlọ́run ló ni wọ́n." Ìyá mi gan-an wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọmọ kún ulé mi, kọ ìyẹn sílẹ̀." Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń fa báàgì mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹni tí wọ́n rán lọ sí Ìkọ̀lé ti fi iye tirẹ̀ ránṣẹ́. Ta ló sọ fún un? Àbí ó kàn fojú bù ú ni? Èmi náà ì bá fojú bù ú, ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá wá yẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́...

Ọ̀gá pè mí lẹ́ẹ̀kan, inú ń bí i. "Ṣé ìlú tí kò sọ́mọ lo wà ni? Ó dáa, bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tìrẹ. Mélòó ni wọ́n?"

Mo lanu, mo fẹ́ sọ ọ́.

"A dúpẹ́, sà."